Iyọ̀ Lílá fún Àgùntàn àti Màlúù: Ọ̀rọ̀ tí a Sọ níwájú Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú Wa

Nígbà tí Akọ̀wé wá bá wa nílé pé kí a wá sọ̀rọ̀, a rò pé ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ni yóò jẹ́. Ọ̀rọ̀ àgùntàn ni. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní ìlú òyìnbó ti dá owó jọ kí a fi ra iyọ̀ lílá fún ẹran tí ń jẹ̀ káàkiri ìlú, ìpàdé yìí ni yóò sì pinnu irú èyí tí a ó rà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé iyọ̀ kò ju iyọ̀ lọ, kí ó jọ̀wọ́ fi sùúrù gbọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun láàárín wa. Ó ti pẹ́ tí àwọn Fúlàní darandaran ti ń fún màlúù wọn ní kànwún àti iyọ̀, àwọn ìyá wa pẹ̀lú sì mọ̀ pé àgùntàn tí ó ń lá ògiri ń wá ohun kan tí kò rí nínú koríko. Lọ́pọ̀ ìgbà, iyọ̀ lásán ni. Ṣùgbọ́n àwọn èròjà mìíràn wà nínú ilẹ̀, bíi bàbà, kóbálìtì, áyódínì, síńkì àti sẹlẹ́níọ̀mù, tí ara ẹran kò fẹ́ ju ìwọ̀nba kínún lọ. Bí kínún náà kò bá sí, koríko lè kún ilẹ̀, kí ẹran máa jẹ, kí ó sì máa rù.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí fún àwọn àgbẹ̀ New Zealand nígbà kan rí. Ní àárín erékùṣù wọn ti àríwá, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ eérú òkè oníná, màlúù àti àgùntàn ń rù títí wọ́n fi ń kú nínú pápá tútù yọ̀yọ̀. Bí a bá kó wọn lọ sí ilẹ̀ mìíràn, ara wọn a padà bọ̀ sípò. Bí a bá dá wọn padà, àìsàn a tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ rí i pé ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó, wọ́n sì gbà pé àìní irin ni. Wọ́n fún wọn ní amọ̀ tí ó ní irin nínú. Òmíràn ṣiṣẹ́, òmíràn kò ṣiṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti wà á. Láti Australia ni ìdáhùn ti wá ní 1935. Ní agbègbè Denmark ní Western Australia (ìlú kan níbẹ̀ ni, kì í ṣe orílẹ̀-èdè Denmark tí a kọ́ nínú jọ́gíráfì), Underwood àti Filmer yọ irin kúrò nínú irú amọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n fún ẹran ní ìyókù, ara ẹran sì le. Irin kọ́ ni! Kóbálìtì kínún tí ó fara pamọ́ sínú amọ̀ náà ni. Ní ọdún kan náà, Marston àti Lines rí ohun kan náà lára àgùntàn etí òkun ní South Australia. Àwa olùkọ́ fẹ́ràn ìtàn yìí, nítorí ó fi hàn pé oògùn lè ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹni tí ń lò ó mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin alápatà mọ ṣàkì. Inú ibẹ̀, níbi tí koríko ń gbé kí ẹran tó jẹ àpọ́jẹ, ni àìmọye kòkòrò tín-ín-tìn-ín wà tí ń fi kóbálìtì ṣe fítámìnì B12 fún ẹran. Ní 1948 ni a tó yọ fítámìnì náà sọ́tọ̀, a sì bá kóbálìtì nínú rẹ̀. Bí kò bá sí, oúnjẹ kì yóò wu ẹran jẹ mọ́. Ní 1958 àwọn onímọ̀ Australia ṣe hóró wúwo kan tí a ń fún àgùntàn gbé mì, tí ń jókòó sínú rẹ̀, tí ó sì ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù púpọ̀.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ewu wà. Bàbà pẹ̀lú jẹ́ dandan. Ní Western Australia kan náà, ní 1937, Bennetts fi hàn pé àìtó bàbà lára abo àgùntàn ni ó ń mú kí ọmọ rẹ̀ máa ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n. Ṣùgbọ́n ara àgùntàn kò mọ bí a ti ń da àpọ̀jù bàbà nù bí ara màlúù ti mọ̀ ọ́n. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń kó o pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù púpọ̀, ara ẹran ń dán, olówó rẹ̀ ń yọ̀. Lọ́jọ́ tí ìnira tàbí ìrìn àjò bá mú un, ẹ̀dọ̀ a tú bàbà náà sínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹyinjú rẹ̀ a pọ́n bí ìyeyè, ìtọ̀ rẹ̀ a pupa dúdú, kò sì ní pẹ́ kú. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà tí ó gbé ìwọ̀n jáde ní 2005 fi òpin bàbà sí mílígíráàmù 15 nínú kílò oúnjẹ gbígbẹ fún àgùntàn, ṣùgbọ́n 40 fún màlúù.

A kò sọ èyí láti inú ìwé nìkan. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a ra iyọ̀ lílá kan fún àgbò mẹ́ta tí a ń sìn de Iléyá. Ìwé ara rẹ̀ sọ pé ti màlúù ni; a kà á, a sì rẹ́rìn-ín pé kí ni ìyàtọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, méjì kú ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Nígbà tí dókítà ẹran la ọ̀kan, kíndìnrín rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn ọmọdé ilé wa ti sọ àwọn àgbò náà lórúkọ. Ẹ fojú inú wo irú Iléyá tí a ṣe. Ẹni tí ó ń fi oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ tí ó ṣẹ́kù bọ́ àgùntàn, kí ó ṣọ́ra pẹ̀lú, nítorí wọn a máa fi bàbà púpọ̀ sí i.

Ohun kan kan ìlú ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ bíi tiwa. Májèlé inú èèpo ẹ̀gẹ́ tútù, bí kò bá pa ẹran, ara a máa sọ ọ́ di ohun tí ń dí áyódínì lọ́nà. Gẹ̀gẹ̀ lè yọ, ẹran sì lè bí òkú ọmọ. Ẹ sá èèpo náà sí oòrùn kí ó gbẹ dáadáa kí ẹ tó fún wọn.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ ìpàdé ni pé kí a ra iyọ̀ tí a ṣe fún àgùntàn, tí a kò fi bàbà kún, kí a sì gbé e sí abẹ́ òrùlé kí òjò má bàa yọ́ ọ. Àwọn màlúù ìlú, tí wọn kò pọ̀, kí a fún wọn ní tiwọn nínú ọgbà tí àgùntàn kò lè wọ̀. Kí a tó ra ohunkóhun, kí dókítà ẹran gba ẹ̀jẹ̀ lára mélòó kan nínú wọn, kí ẹ̀yin alápatà sì fi ẹ̀dọ̀ díẹ̀ pamọ́ fún un láti yẹ̀ wò. Owó àyẹ̀wò náà yóò gbé díẹ̀ nínú owó tí àwọn ọmọ wa fi ránṣẹ́, a sì mọ̀ pé àwọn kan yóò kùn. Ìwé iye owó mẹ́ta wà lọ́wọ́ Akọ̀wé. A ti fi bírò pupa fa ìlà sí abẹ́ ibi tí a kọ bàbà sí nínú èyí tí ó pọ́ọ́kú jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wò ó kí ẹ tó dìbò.