Òǹkà Inú Aago Ọwọ́

Ẹni tó bá ṣí ẹ̀yìn aago ọwọ́ oníbátìrì yóò rí i pé bátìrì inú rẹ̀ kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Síbẹ̀, ó lè bọ́ aago náà fún ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òkúta kékeré kan tí à ń pè ní quartz ló ń gbọ̀n nínú aago yìí nígbà 32,768 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. (Ti Astron, tí Seiko gbé jáde ní Jàpáánì lọ́dún 1969, jẹ́ 8,192.) Kò sí ọwọ́ aago tó lè bá a sáré bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe to ìpele òǹkà 15 tẹ̀lé ara wọn; bí méjì bá wọ inú ìpele kan, ẹyọ kan ni yóò jáde. 32,768 di 16,384, ìyẹn di 8,192, títí yóò fi ku ẹyọ kan.

Olùkọ́ lè to akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin sórí bẹ́ǹṣì. Ẹni tí a bá fọwọ́ kàn, bí ó bá jókòó, kí ó dìde; bí ó bá dúró, kí ó jókòó, kí ó sì fọwọ́ kan ẹni tó tẹ̀ lé e. Ẹni àkọ́kọ́ ni yóò kọ́kọ́ làágùn.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ iná rí. Lọ́dún 1963, Frank Wanlass ti ilé iṣẹ́ Fairchild ní Amẹ́ríkà gbé ọgbọ́n CMOS kalẹ̀: tíránsísítọ̀ oríṣi méjì ni wọ́n so pọ̀, bí ọ̀kan bá ṣí, èkejì á tì. Ìgbà tí ipò wọn bá ń yí padà nìkan ni wọ́n ń jẹ iná ní pàtàkì. Ìpele 14 tó kẹ́yìn, lápapọ̀, kì í jẹ tó ti àkọ́kọ́ nìkan. Ìdí nìyí tí ayàwòrán ẹ̀rọ fi ń ṣọ́ ìpele àkọ́kọ́ lójú méjèèjì. Bí ó bá sì dín fólítì kù sí ìdajì, iná tí ìyípadà kọ̀ọ̀kan ń jẹ yóò di ìdá kan nínú mẹ́rin.

Bí òkúta bá ń kan gbogbo ìpele lẹ́ẹ̀kan náà, iná yóò ṣòfò lórí àwọn tí kò níṣẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n títa látọwọ́ dọ́wọ́ náà ní àbùkù tirẹ̀: ẹni ìkẹyìn ń pẹ́ gbọ́. Ẹni tó bá ka iye àwọn tó dúró kí ọ̀rọ̀ tó dé ìdí bẹ́ǹṣì yóò ka iye tí kò sí rárá. Nínú aago, ìpele ìkẹyìn nìkan ni ọwọ́ aago ń gbọ́ tirẹ̀, kò sì sí ewu. Nínú kọ̀ǹpútà tó ń ka gbogbo ìpele pọ̀, ewu ńlá ni.