Ẹ̀jẹ̀ Tí Ó Ń Yọjú Láìtásìkò Lára Obìnrin Tí Ń Lo Oògùn Oníhóró

Mo ṣe àkíyèsí pé bí olóòtú ti ń ka àkọlé ọ̀rọ̀ wa ti alẹ́ òní, àwọn ọkùnrin méjì tí ó wà lápá ọ̀tún mi ni ó yí ojú sí ibòmíràn. N kò bá wọn wí. Láti kékeré ni a ti kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù kì í ṣe ohun tí à ń sọ ní gbangba. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Iṣẹ́ agbẹ̀bí tí mo ti ń ṣe láti ọdún pípẹ́ sì ti fi hàn mí pé ìdákẹ́jẹ́ yìí a máa bí ọmọ. Mo mọ ohun tí mo wí. Ó ń bí ọmọ.

Olùkọ́ obìnrin kan wá sí ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ mẹ́rin ni ó ti bí. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti fẹnu kò pé ó tó, ó sì ti gba hóró oògùn ìfètòsọ́mọbíbí lọ́wọ́ wa. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kejì tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ó rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀, kò ju bí ẹni fi ìka kan epo lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó tún rí i. Ó fọ̀rọ̀ náà lọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní yàrá àwọn olùkọ́. Ọ̀rẹ́ náà ní oògùn ti ń ba inú rẹ̀ jẹ́ nìyẹn, kí ó tètè jáwọ́. Ó jáwọ́. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀, kò sì padà wá bá wa. Nígbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa, oyún oṣù mẹ́ta ti wà nínú rẹ̀. Ó mú páálí oògùn náà lọ́wọ́. Hóró mẹ́wàá péré ni ó ti lò níbẹ̀. Ó bi mí pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe tí kò dára?" N kò rí èsì fọ̀, nítorí pé ẹ̀bi wa ni. A fún un ní oògùn, a kò sọ ohun tí ojú rẹ̀ lè rí fún un.

Ohun tí ó yẹ kí a sọ náà kò sì ṣòro. Oríṣi họ́mónù méjì ni ó wà nínú hóró oògùn tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń lò: ẹ́sítírójìn àti projẹ́sítínì. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń dá ẹyin obìnrin dúró kí ó má ṣe jáde. Projẹ́sítínì tún ń mú kí omi ẹnu ọ̀nà ilé-ọmọ ki, kí àtọ̀ má lè rí ọ̀nà kọjá. Ní ti inú ilé-ọmọ fúnra rẹ̀, ẹ wò ó bí ògiri yàrá. Ẹ́sítírójìn ni ó ń rẹ́ ògiri náà tí ó fi ń nípọn tí ó sì ń dúró gírígírí. Projẹ́sítínì ni ó ń mú un fẹ́lẹ́. Oògùn òde òní kò ní ẹ́sítírójìn púpọ̀. Nítorí náà, ògiri a fẹ́lẹ́, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó wà lára rẹ̀ kò sì ní lágbára. Ògiri tí a rẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ kò ní ṣàì sán níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ibi tí ó sán yẹn ni ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ti ń jò. Kì í ṣe pé inú bàjẹ́, kì í sì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ burúkú ni ó kóra jọ tí ó ń wá ọ̀nà àbájáde. Bí obìnrin bá sì ti ń lo oògùn rẹ̀ bí ó ti yẹ, ẹ̀jẹ̀ yìí kò fi hàn pé oògùn náà kùnà.

Kí a tó wọlé, olóòtú wa bi mí pé ṣé àwọn tí ó ṣe oògùn náà kò mọ̀ ni. Wọ́n mọ̀ dáadáa. Nígbà tí Gregory Pincus àti John Rock ń dán an wò láàrin ọdún 1950 sí 1960, wọ́n rí i pé projẹ́sítínì tí wọ́n ń lò kò mọ́. Ẹ́sítírójìn díẹ̀ ti dà pọ̀ mọ́ ọn níbi tí wọ́n ti ṣe é. Wọ́n ní kí a yọ ọ́ kúrò. Bí a ti yọ ọ́ tán ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lára àwọn obìnrin náà láìtásìkò. Ni wọ́n bá ní kí a dá a padà. Oògùn tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún ìfètòsọ́mọbíbí ní ọdún 1960, tí wọ́n pè ní Enovid, ní 150 máíkírógíráàmù ẹ́sítírójìn nínú hóró kan. Èyí pọ̀ jù. Ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan àwọn obìnrin mìíràn, àwọn kan sì ti ibẹ̀ kú. Lẹ́yìn ariwo tí ó ti ìdí èyí jáde, títí dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà ní ọdún 1970, a dín in kù. Lónìí, 20 sí 35 ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí ó ń yọjú ni a fi ra ààbò náà. Bí ẹ bá bi mí, ọjà tí kò wọ́n ni.

Ṣùgbọ́n n kò ní ṣàì sọ èyí: ní Puerto Rico, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ńlá ní ọdún 1956, a kò sọ fún àwọn obìnrin náà pé ìdánwò ni. Nígbà tí wọ́n ráhùn pé èébì ń gbé àwọn, pé ojú ń kọ́ àwọn, a kò ka ọ̀rọ̀ wọn sí. Àìsọ̀rọ̀ yìí ti bá oògùn náà wá láti ilé.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ẹ̀jẹ̀ yìí wọ́pọ̀ jù. Bí ara bá ti mọ oògùn lára, púpọ̀ nínú rẹ̀ a lọ fúnra rẹ̀. Kí obìnrin má ṣe dá oògùn dúró nítorí rẹ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ yẹ kí ó bi ara rẹ̀ ni pé, "Ǹjẹ́ mo gbàgbé ọ̀kan?" Èyí tí a lò láàárọ̀ òní, tí a lò lóru ọ̀la, tí a wá gbàgbé lọ́tùnla, òun ni ó ń fa ẹ̀jẹ̀ jù. Àwọn tí ń fi oògùn pamọ́ fún ọkọ, tí wọ́n ń kì í bọ inú ìkòkò ẹ̀gúsí, ẹ mọ ara yín. Bí ó bá jẹ́ hóró kan ni a gbàgbé, kí a lò ó gẹ́rẹ́ tí a bá rántí, ì báà jẹ́ pé méjì ni yóò bọ́ sí ọjọ́ kan. Bí ó bá jẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a lo èyí tí a gbàgbé kẹ́yìn, kí a fi ìyókù sílẹ̀, kí a máa bá páálí lọ, kí tọkọtaya sì lo kọ́ńdọ̀mù fún ọjọ́ méje. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní páálí tí wọ́n sì ti bára wọn sùn, kí obìnrin náà tètè wá rí wa. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kí ó fo àwọn hóró méje ìparí tí kò ní họ́mónù, kí ó bẹ̀rẹ̀ páálí tuntun.

Ẹni tí ó bì láàrin wákàtí mẹ́ta tí ó lo oògùn kò tí ì lò ó. Àwọn oògùn mìíràn sì wà tí ń jẹ agbára rẹ̀: rifampicin tí a fi ń wo ikọ́ àwúgbẹ, àti àwọn kan tí a fi ń wo wárápá. Ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ń lò fún ẹni tí ó ń fún yín ní hóró, àgbo náà kò gbẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ìwé àwọn òyìnbó kì í sábà dé ìdí rẹ̀. Obìnrin Mùsùlùmí rí ẹ̀jẹ̀ lójijì nínú oṣù Ràmàdáánì: ṣé kí ó kírun, àbí kí ó má kírun? Obìnrin ìjọ aláṣọ funfun rí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi: ṣé yóò wọ ilé ìsìn? Mo mọ àwọn tí ó tìtorí èyí nìkan jáwọ́, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ojú ń tì wọ́n. Èmi kì í ṣe àlùfáà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù fi ìyàtọ̀ sáàrin nǹkan oṣù àti ẹ̀jẹ̀ tí ó wá láìtásìkò, èyí tí kì í dí ìrun lọ́wọ́. Ẹ lọ bi àwọn aṣáájú yín, ṣùgbọ́n ẹ ṣe àlàyé rẹ̀ tán: ọjọ́ tí ó dé, bí ó ti pọ̀ tó, àti pé oògùn ni ó fà á.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ ni ti oògùn. Èyí tí ó kọjá oṣù mẹ́ta tí kò lọ, tàbí tí ó ti lọ tipẹ́ tí ó tún padà, tàbí tí ó ń yọ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí tí inú rírun àti omi olóòórùn bá a rìn, kí dókítà wò ó. Ó lè jẹ́ àrùn ìbálòpọ̀. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé-ọmọ, èyí tí a lè tètè rí bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí obìnrin bá ti fo oògùn, tí apá kan ikùn rẹ̀ sì ń ro ó gidigidi, kí ó má dúró di ọ̀la, nítorí oyún tí kò sí nínú ilé-ọmọ a máa pa ènìyàn.

Olùkọ́ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ọmọbìnrin. Nígbà tí ọmọ náà pé oṣù méje, ó padà wá gba hóró rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e wá. Ọ̀sẹ̀ kẹta kò tí ì parí tí mo rí i lẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó ní, "Màmá, ó ti yọjú o." Mo bi í pé mélòó ni ó gbàgbé. Ó ní òun kò gbàgbé ìkankan. Mo ní kí ó lọ máa kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, bí alẹ́ bá lẹ́, kí ó lo tòní. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Olóòtú, mo rí i pé ẹ ti ń wo aago. Mo ti ṣetán fún ìbéèrè, pàápàá láti apá ọ̀tún mi níhìn-ín.