Ìtìjú Ni Ó Jẹ Owó Wa

(Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ìjọ kan bá àwọn tọkọtaya páríṣì Soclogbo sọ nínú ọ̀sẹ̀ Júbílì)

 

Àwọn tí ó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ti rán wa létí iṣẹ́ àwọn míṣọ́nnárì ní ẹsẹ̀ àwọn òkè Ìdàáṣà yìí, àti ọdún 1995 tí Bàbá Mímọ́ Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì sọ Dassa-Zoumè di dáyọ́sìsì. Ọ̀rọ̀ wọn dùn ún gbọ́. Tèmi kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Júbílì ní kí n wá bá àwọn tọkọtaya sọ̀rọ̀ lórí àìríbí, mo kọ́kọ́ kọ̀. Ìyàwó mi ni ó ní kí n lọ. Ó ní bí èmi kò bá sọ ọ́, àwọn ènìyàn yóò máa sọ ọ́ lẹ́yìn wa gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, wọn yóò sì máa fi iyọ̀ sí i.

Ọdún kọkànlélógún rèé tí Fádà ti so wá pọ̀ níwájú pẹpẹ. A kò bímọ. Ẹ̀yin náà mọ bí ó ti ń rí ní ilẹ̀ wa: bí obìnrin bá ti bí àkọ́bí rẹ̀, orúkọ rẹ̀ yí padà, ó di Ìyá Pọ́ọ̀lù, ó di Ìyá Tèrésà. Títí di òní olónìí, "ìyàwó" ni wọ́n ń pe tèmi ní agbo ilé wa. Àwọn tí wọ́n gbé wọlé lẹ́yìn rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ pọn omi ìgbéyàwó wọn, ti di ìyá ọmọ. Òun ṣì ni ìyàwó.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ẹnì kan tàbí ẹni méjì ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé nínú àgbàlagbà mẹ́fà, nǹkan bí ẹnì kan ni ìṣòro yìí máa ń bá nígbà kan ní ayé rẹ̀. Bí ènìyàn mẹ́fà bá jókòó lórí bẹ́ńṣì yín, ẹ ka ẹnì kan nínú wọn. Àwọn oníṣègùn a sì máa sọ pé bí tọkọtaya bá ti ń gbé pọ̀ fún ọdún kan láìdá oyún dúró tí oyún kò sì dé, kí wọ́n lọ fi ara han dókítà. Bí obìnrin bá ti lé ní ọdún 35, kí wọ́n má ṣe dúró ju oṣù mẹ́fà lọ.

Àwa náà kò dúró. Ibi tí a gbà lọ ni kò tọ́.

Ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, ìyàwó mi nìkan ni ó ń gba ìtọ́jú. Mo ní "nìkan", ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi etí sí i. Ó mu àgbo títí inú rẹ̀ fi dàrú. Wọ́n ní kí ó wẹ̀ lódò, ó wẹ̀. Ó lọ sí ilé àdúrà tí kì í ṣe ti ìjọ wa, ó gba ààwẹ̀, wọ́n sì gba owó òróró lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ya àwòrán ilé ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ibi mẹ́ta, nítorí pé dókítà kọ̀ọ̀kan fẹ́ rí tirẹ̀. Mo ta oko kajú tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, ìdajì rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà èyí tí ó kù. Nígbà tí owó ìyẹn tán, ìyàwó mi mú òòlù, ó lọ bá àwọn obìnrin tí ń fọ́ òkúta jókòó nínú oòrùn, ó ń fọ́ òkúta tà fún àwọn tí ń kọ́lé, kí á lè rí owó ọkọ̀ dé Cotonou. Ọ̀nà náà tó nǹkan bí igba kìlómítà. Gbogbo èsì tí ó ń mú bọ̀ jọra: wọn kò rí ohun kan tí ó ṣe é.

Èmi ńkọ́? Mo wà nílé. Ọkùnrin ni mí, ara mi sì le. Ta ni yóò sọ pé kí n lọ ṣe àyẹ̀wò?

Ní ọdún keje, Sísítà kan tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì gba ìwé gbogbo lọ́wọ́ wa, ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó kà wọ́n tán. Kò bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀. Èmi ni ó kọjú sí.

"Bàbá, tiyín dà?"

Mo ní, "Kí ni tèmi?"

Ó ní, "Èsì àyẹ̀wò tiyín."

Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo tún fi ń wá àwáwí kí n tó lọ. Owó tí mo san ní ọjọ́ náà kò tó iye tí a ń ta àpò kajú kan. Àpò kan! Odidi oko ni a ti tà kí á tó dé ibẹ̀. Èsì náà sọ pé irúgbìn inú àtọ̀ mi kéré jọjọ, díẹ̀ nínú wọn ni ó sì lè rìn. Dókítà bi mí bóyá mo ti ní àrùn rí. Nígbà tí mo ń ṣe lébìrà ní Èkó kí n tó gbéyàwó, àtọ̀sí mú mi. Mo ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri, mo lò ó fún ọjọ́ méjì, ìrora lọ, mo gbàgbé. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ó ti wá.

Mo sọ fún ìyàwó mi ní alẹ́ ọjọ́ náà. Kò bú mi. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Àwọn oníṣègùn sọ pé nínú tọkọtaya méjì tí kò rí ọmọ, ọwọ́ ọkùnrin a máa wà nínú ti ọ̀kan, yálà òun nìkan ni tàbí òun pẹ̀lú aya rẹ̀. Ẹni tí ó lè bá aya rẹ̀ sùn kò tíì mọ̀ bóyá irúgbìn òun pé. Ojú lásán kò lè rí i. Ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, tí a tẹ̀ jáde ní 1985, fi hàn pé ní ilẹ̀ Áfíríkà wa, àrùn tí ń dí ọ̀nà tóóró tí ẹyin obìnrin ń gbà lọ sí ilé ọmọ wọ́pọ̀ ju bí ó ti rí ní àwọn apá ayé yòókù lọ. Àtọ̀sí wà nínú rẹ̀. Oyún tí a ṣẹ́ níkọ̀kọ̀ àti ìbímọ tí a kò fi ìmọ́tótó ṣe náà wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àrùn tí oògùn tí ó pé lè wò ní ìbẹ̀rẹ̀ ni mo fi oògùn ọjọ́ méjì bò mọ́lẹ̀.

Àyẹ̀wò náà kò le. Ọkùnrin yóò ta kété sí aya rẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí méje, a ó sì yẹ ohun tí ó mú wá wò láàrin wákàtí kan. Mo mọ̀ pé ẹ̀rí ọkàn àwọn kan ń bá wọn jà nípa bí a ti ń gba àtọ̀ náà, nítorí Ìjọ kò fi ọwọ́ sí i pé kí ọkùnrin dá a ṣe. Ọ̀nà mìíràn wà tí tọkọtaya lè gbà mú un wá láti inú ìbálòpọ̀ àwọn fúnra wọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ Fádà àti dókítà. Ẹ má ṣe fi í ṣe àwáwí bí èmi ti ṣe.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àwọn ẹbí mi ń fẹ́ kí n mú obìnrin mìíràn. Ẹ̀gbọ́n mi kan tilẹ̀ ti rí ọmọbìnrin náà. N kò ní purọ́ níwájú yín, mo rò ó. Òfin Ìjọ tí ó jáde ní 1983 sọ ọ́ kedere ní nọ́mbà 1084 pé àìríbí kì í tú ìgbéyàwó ká. Ìwé Òfin Ènìyàn àti Ìdílé ti orílẹ̀-èdè Benin, ti ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ 2004, náà kò mọ ìgbéyàwó kankan yàtọ̀ sí ti ọkọ kan aya kan. Ṣùgbọ́n ẹ yọ òfin kúrò ná. Bí mo bá mú ọmọbìnrin yẹn wálé, òun náà kì bá tí lóyún, wọn ì bá sì ti ní kí ó máa mu àgbo.

Lẹ́yìn èsì mi ni wọ́n sọ fún wa nípa ọ̀nà tí a fi ń pa ẹyin obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin pọ̀ ní òde ara, nínú àwo, kí á tó gbé e sí ilé ọmọ. Ọmọ àkọ́kọ́ tí a fi ọ̀nà yìí bí ni Louise Brown, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 25 oṣù keje 1978. Ní agbègbè wa, ìgbìyànjú kan ṣoṣo a máa ju mílíọ̀nù kan fránkì CFA lọ. Owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin Benin fi lélẹ̀ láti 2023 jẹ́ 52,000 fránkì. Ẹni tí ń gbà á, tí kò jẹ tí kò mu, yóò fi ju oṣù mọ́kàndínlógún lọ kó mílíọ̀nù kan jọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbìyànjú tí kò yọrí sí ọmọ pọ̀ ju èyí tí ó yọrí sí i lọ, kódà ní àwọn ilẹ̀ olówó.

Fádà jókòó tì wá, ó ṣàlàyé ohun tí Ìjọ kọ́ nínú ìwé Donum Vitae ti 1987 àti Dignitas Personae ti 2008: pé ọmọ jẹ́ ẹ̀bùn, a kò lè gbà á bí ẹni gba gbèsè, pé ìtọ́jú tí ń ran ìbálòpọ̀ tọkọtaya lọ́wọ́ dára, yálà oògùn ni tàbí iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n èyí tí ń gba ipò rẹ̀, tí a ń ṣẹ̀dá ènìyàn nínú àwo tí a sì ń sọ àwọn kan nù tàbí kí á fi wọ́n pamọ́ sínú yìnyín, kò tọ́. Àwa méjèèjì jọ gbà pé a kò ní ṣe é. N kò dá ẹni tí ó ti ṣe é lẹ́jọ́. Ìwé ti 1987 yẹn kan náà sọ pé ọmọ tí a bí lọ́nà yẹn, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni, kí á fi ìfẹ́ tọ́ ọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe na ìka sí ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìlú yìí.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 2020, obìnrin ẹni ọdún 68 kan bí ìbejì ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ní ilé ọkọ. Ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ wa kíá. Àwọn ènìyàn ń sáré wá sọ fún ìyàwó mi, wọ́n rò pé àwọn ń tù ú nínú. Mo bá tọkọtaya náà yọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ti gbìyànjú tí ó já sí asán kí ti ẹ̀kẹrin tó mú, àwọn tí owó wọn tán tí wọn kò sì rí ọmọ kì í sí nínú ìwé ìròyìn. Àwọn dókítà sì kìlọ̀ nígbà náà pé oyún ní irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ léwu púpọ̀.

Àwa gba ìtọ́jú tí a lè gbà. A kọ́ ọ̀nà Billings, èyí tí dókítà John Billings àti aya rẹ̀ Evelyn mú wá láti Ọsirélíà, tí obìnrin fi ń mọ ọjọ́ tí ara rẹ̀ yá fún oyún. Kò ná wa ju ìwé àti bírò lọ. Ìbá ṣe pé láti ibẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àyẹ̀wò àwa méjèèjì ní ọjọ́ kan náà, bóyá a kò bá tí rí ọmọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n oko ì bá wà. Ìtìjú mi ni ó ta oko náà.

Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, nígbà ìrìn àjò mímọ́ sí ọ̀dọ̀ Ìyá wa ti Arigbo, tí ó ti ń wáyé láti 1954, àwa méjèèjì a máa lọ. Títí di ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ nìkan ni à ń tọrọ. Nísinsìnyí a ń tọrọ àwọn nǹkan mìíràn pẹ̀lú.

Ìyàwó mi jókòó sí ẹ̀yìn lọ́hùn-ún. Ó fi iṣẹ́ méjì rán mi. Èkíní, ó ní kí ẹ má ṣe máa wúre ọmọ fún òun ní gbangba mọ́ ní gbogbo ìgbà tí a bá ṣe ìrìbọmi ọmọ ẹlòmíràn. Kí ẹ jẹ́ kí ọjọ́ ọmọ náà jẹ́ ti ọmọ náà. Èkejì, ó ní òun mọ̀ pé àwọn kan nínú yín a máa gba ọmọ wọn kúrò nítòsí nígbà tí òun bá na ọwọ́ sí i, òun sì mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Ó ní bí Máàsì bá parí lọ́jọ́ Sunday, tí ẹ̀yìn bá ń ro yín, kí ẹ gbé ọmọ yín fún òun, kí òun bá yín pọ̀n ọ́n dé ilé.