Kọ̀ǹpútà Ara Ògiri: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó Nílé àti Lẹ́yìn Odi

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ni a fẹ́ bá yín sọ, ó sì kan ọmọ gbogbo ilé.

Láti ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà ni àwọn ọmọ tí ń wá ọ̀nà wọ yunifásítì ti ń ṣe ìdánwò JAMB. Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1982, kò jìnnà sí wa. Àgọ́-Ìwòyè tí ó múlé gbè wá ni ó wà. Ṣùgbọ́n kí ni àǹfààní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìtòsí fún ọmọ tí ó jẹ́ pé gbọ̀ngàn ìdánwò ni yóò ti kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan kọ̀ǹpútà? Àwa olùkọ́ mọ ohun tí a ń sọ. Ní ọ̀pọ̀ iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ẹfun ni a fi ń ya kọ̀ǹpútà sí ojú pátákó, tí àwọn ọmọ sì ń há orúkọ ẹ̀yà rẹ̀ sórí bí ẹni ń há orúkọ ìlú tí kò ní í dé láéláé.

Nítorí náà ni a ṣe mú àbá kan wá: ẹ jẹ́ kí a to kọ̀ǹpútà sí ojú pákó, láìní àpótí, kí a sì gbé e kọ́ ara ògiri, kí ọmọ lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Kì í ṣe ohun àjèjì. Ní ọdún 1976 tí Steve Jobs àti Steve Wozniak kọ́kọ́ ta Apple-1 ní Amẹ́ríkà, pátákó ẹ̀rọ lásán ni wọ́n tà. Àwọn kan nínú àwọn tí ó rà á fi igi kan àpótí tiwọn fúnra wọn. Nítòsí wa, ní Lomé ní ilẹ̀ Tógò, Kodjo Afate Gnikou fi àlòkù ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe ẹ̀rọ tí ń fi ike mọ nǹkan jáde, ní ọdún 2013. Àwọn ẹlòmíràn sì ti to kọ̀ǹpútà sínú kẹ́ẹ̀gì. Bí a bá gún iyán nínú odó, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó.

Pákó kò wọ́n ìlú wa. Èyí tí ó gbẹ dáadáa, tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 3, tí ó sì fẹ̀ ní 2, ti tó. Àárín rẹ̀ ni motherboard yóò wà; irú èyí tí ó wọ́pọ̀ gùn ní mìlímítà 305, ó sì fẹ̀ ní 244. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó lẹ̀ mọ́ pákó. Ẹsẹ̀ idẹ kéékèèké ni a óò fi gbé e sókè, kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Orí rẹ̀ ni processor, tí í ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ, yóò jókòó sí pẹ̀lú fáànù rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni RAM, tí ń rántí nǹkan níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà. Lẹ́yìn náà ni SSD, àká tí ń tọ́jú ohun gbogbo bí iná tilẹ̀ lọ. Power pack wúwo, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni ipò rẹ̀. Ọmọ kankan kò gbọdọ̀ tú u: bí a tilẹ̀ yọ ọ́ kúrò lára iná, agbára iná lè ṣẹ́kù nínú rẹ̀.

Ohun tí ó wà ní ìta ní ọ̀tá púpọ̀. Eruku ọyẹ́ yóò bà lé e, ọmọńlé yóò fẹ́ sùn sí ibi tí ó móoru. Nítorí náà, kí a ta ike tí ó mọ́ gaara síwájú rẹ̀, kí a sì fi àyè sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, nítorí pé òkè ni atẹ́gùn gbígbóná ń gbà lọ. Kí a fi nẹ́ẹ̀tì wẹ́wẹ́ bo àwọn àyè náà. Kí a gbé e jìnnà sí fèrèsé, nítorí òjò. Kí ẹni tí yóò fi ọwọ́ kàn án nígbà ọyẹ́ kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan irin, kí iná ara rẹ̀ má baà pa ẹ̀yà ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, ẹ̀bẹ̀ tiwa sí yín nìyí. Ẹ fi ẹ̀yà tí ń ṣiṣẹ́ ránṣẹ́ sí wa. Ẹ má ṣe fi òkú ẹ̀rọ ránṣẹ́, kí ìlú má baà di ààtàn. Ẹ̀yin ti Amẹ́ríkà, ẹ wo ẹ̀yìn power pack yín. Iná ti ọ̀dọ̀ yín jẹ́ 120 fóòtì, tiwa jẹ́ 230. Bí bọ́tìnnì kékeré bá wà níbẹ̀, tí ó sì wà lórí 115, ẹ yí i sí 230, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí a bá tàn án ni yóò jóná.

Ẹ̀yin ará ilé, iṣẹ́ yín ni pákó, iná àti ẹni tí yóò máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tò ó fúnra wọn, lójú olùkọ́. Ọmọ tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ to kọ̀ǹpútà kò ní í gbọ̀n níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò. Bí ó bá sì bàjẹ́, yóò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Kí ẹgbẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ kan, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan, kí ó tó di ìpàdé ọdún tí ń bọ̀. Àwa olùkọ́ ti ṣe tán. Ire o.