Orin Tí A Fi Ń Rẹ Ọmọ Lẹ́kún

Nígbà tí ọmọ bá ń sunkún, oríkì orílẹ̀ rẹ̀ ni àwọn ìyá àgbà fi ń tù ú nínú. Láti inú orin yìí ni ìfẹ́ ilé ti ń wọ ọmọ lára.

Ẹ wo àwọn Ẹ̀gbá. Ogun tú ìlú wọn ká, wọ́n sì tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ ní 1830. Ọmọ tí a bí níbẹ̀ kò fojú rí ilé àtijọ́, ṣùgbọ́n orin ìyá rẹ̀ ń sọ fún un pé ọmọ Aké ni, tàbí ọmọ Ìtòkò. Títí di òní, àdúgbò Abẹ́òkúta ń jẹ́ orúkọ ìlú wọ̀nyí.

Ẹ̀rọ lè kọrin fún ọmọ, ṣùgbọ́n kò mọ oríkì ilé yín. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó tètè bi àwọn àgbà léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà.