Ọmọ Ọjà àti Ìdánwò Kọ́mọ̀n Ẹ́ńtíránsì
(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ bá ẹgbẹ́ sọ ní ọjọ́ àyájọ́)

Wọ́n ní ká sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń múra ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò àtiwọ ilé-ìwé Fẹ́dírà. A kì í ṣe tíṣà o. Ìyá ọmọ bíi tiyín ni wá, ojú wa kàn ti rí díẹ̀ níbẹ̀ ni.

NECO ló ń ṣe ìdánwò náà fún àwọn ọmọ Pírámárì 6. Òun ni wọ́n fi ń wọ King's College tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1909, Queen's College ti 1927, àti àwọn Fẹ́dírà tó sún mọ́ wa, bíi ti Ògbómọ̀ṣọ́ àti ti àwọn ọmọbìnrin ní Ọ̀yọ́. Àwọn tó ń wá a pọ̀ ju àyè lọ. Máàkì tí wọ́n fi ń mú ọmọ lè yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀: ní 2013, 127 ni ti Ọ̀yọ́, 133 ni ti Èkó, 139 ni ti Anambra. Bí ẹnì kan bá wá ń sọ fún yín pé máàkì kékeré ni ọmọ lágbájá fi wọlé, ẹ béèrè ìpínlẹ̀ rẹ̀ ná.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ẹ pe ọmọ yín síbi ìsọ̀. Ẹ ní, a ra kọ́ńgò ẹ̀wà kan ní ₦1,500, a tà á ní ₦2,000, èló ni èrè wa? Kó tó ṣẹ́jú, á ní ₦500. Ẹ wá kọ ìbéèrè yẹn ní Gẹ̀ẹ́sì sínú ìwé, kí ẹ ní kó fi pasẹ́ǹtì dáhùn. Kẹ́kẹ́ á pa mọ́ ọn lẹ́nu. Kì í ṣe olódo. Kò sẹ́ni tó jókòó tì í sọ fún un pé owó tí a fi ra ọjà la fi ń pín èrè, kì í ṣe owó tí a tà á. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa fi 2,000 pín in, ó rí 25. 25 sì wà lára ìdáhùn tí wọ́n kọ síbẹ̀! Tayọ̀tayọ̀ ló fi yàn án. 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta ni ìdáhùn. Ẹni tó ṣe ìbéèrè ti mọ ibi tí ọmọ yóò ti ṣìnà, ó sì ti dúró dè é níbẹ̀.

Ẹ má sọ pé ẹ ò kàwé. Ìyá kan wà láàárín wa tí kò mọ A yàtọ̀ sí B. Láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti wà ní Pírámárì 4, wákàtí kan ló ń yọ̀ǹda fún un lálaalẹ́. Ọmọ á ka ìbéèrè, á túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, á sì sọ ìdí tó fi mú ìdáhùn tó mú. Ibi tí ẹnu rẹ̀ bá ti kọ́, ìyá á fi èédú sàmì sí i, ọmọ á gbé e lọ bá tíṣà láàárọ̀. Ọmọ yẹn wọlé. Àwa tí a san owó lẹ́sìnnì olóṣù mẹ́ta nígbà tí ìdánwò ti kanlẹ̀kùn, tí ọmọ ṣì ń bá wa kó ọjà wọlé di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ má béèrè tiwa.

Ohun kékeré kan tún wà. Pẹ́ńsù HB ni wọ́n fi ń kun ìdáhùn. Bí ọmọ bá fo ìbéèrè 12, tó wá kun ìdáhùn 13 sí ojú 12, gbogbo èyí tó kù ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó fi kíkùn náà dánra wò nílé, kí aago wà níwájú rẹ̀.

A ò ní fi èyí pamọ́. Lọ́dún kan, ọkùnrin kan wá sí ọjà, ó ní òun mọ ẹni tó ń kọ orúkọ àwọn tó wọlé. Mẹ́ta nínú wa yá owó ẹgbẹ́ fún un. Kò tún yọjú mọ́. Owó àti èlé, àwa la san án. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ló dùn wá jù. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà gbọ́ pé a ti sanwó, ó sì pa ìwé dé. Ó ní kí lòun tún ń kà fún? A ò rí èsì fọ̀.

Àwọn ọmọ Pírámárì 4 sí 6 yóò máa jókòó ní yàrá ìpàdé ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ní ìwé ìbéèrè àtijọ́ nílé, kó mú un wá, ì báà ti ya. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ti ibi ìkiri bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ jẹun.