Kí Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Sanwó Abẹ́rẹ́ Yẹn

Tí ẹ bá wà nínú dánfó tí ẹ kò sì ní íápíìsì, ẹ yáa rọra yí ohùn fóònù yín wálẹ̀, torí ọ̀rọ̀ abẹ́ ṣòkòtò la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má sá lọ o. Ó kàn yín náà, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ kí n tó dákẹ́.

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi kan fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni wọ́n, wọ́n ti níyàwó, wọ́n sì ti bí ọmọ kan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sábẹ́ fídíò náà: "Ìwọ tó o máa ń wádìí nǹkan, ṣé òótọ́ lèyí?" Nínú fídíò yẹn, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun bíi ti dókítà ń ṣàlàyé pé àwọn máa fa ẹ̀jẹ̀ lápá èèyàn, àwọn máa yí i nínú ẹ̀rọ, àwọn á sì fi abẹ́rẹ́ gún un padà sínú nǹkan ọmọkùnrin, ni gbogbo rẹ̀ yóò bá padà dà bíi ti ọmọ ogún ọdún. Ó ní kò sí oògùn, kò sí iṣẹ́ abẹ, ara yín ni yóò tún ara rẹ̀ ṣe. Mo wo iye tí wọ́n ń gbà. Ó ju owó ilé tí mò ń san lọ́dún kan lọ.

Mo bi wọ́n pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, ta ló fẹ́ ṣe é?"

Wọ́n ní, "Ọ̀rẹ́ mi kan ni."

Gbogbo wa la mọ ọ̀rẹ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo orúkọ tí àwa Yorùbá ní fún nǹkan yìí. Akúra. Ọ̀kóbó. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dún lẹ́nu. Èébú ni méjèèjì. Ẹni tí ibà mú, a máa ní ibà ń ṣe é. Ẹni tí nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ kò le mọ́, a máa ní akúra ni. Ibà jẹ́ ohun tó ń ṣe èèyàn, èyí ti di ẹni tí èèyàn jẹ́. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí ọkùnrin fi lè gbà kí wọ́n gba owó ńlá lọ́wọ́ òun ní kọ̀rọ̀ ju kó jókòó síwájú dókítà kó sì lanu sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n rárá. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 1994, rí i pé láàárín àwọn ọkùnrin ẹni ogójì ọdún sí àádọ́rin, ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ìṣòro yìí, ì báà jẹ́ díẹ̀ tàbí púpọ̀. Ó ju ìdajì lọ o.

Báwo ni nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an? Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni. Yàrá gígùn méjì tó rí bíi fóòmù ló wà nínú nǹkan ọmọkùnrin. Tí ara bá ti fà sí ìbálòpọ̀, ọpọlọ á ránṣẹ́, iṣan tó gbé iṣẹ́ náà á tú afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní nitric oxide jáde, òpó ẹ̀jẹ̀ á dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ya wọ inú fóòmù náà, á sì há síbẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kó le nìyẹn. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta tó ṣàwárí iṣẹ́ tí nitric oxide ń ṣe nínú òpó ẹ̀jẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1998. Ọdún yẹn náà ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Viagra. Ẹ má sì gbàgbé pé oògùn àyà ni ilé iṣẹ́ Pfizer ń wá ní Sandwich, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn ọkùnrin tí wọ́n fi dán an wò tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé nǹkan mìíràn ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n Viagra kì í tún nǹkan kan ṣe. Ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí iṣẹ́ tí ọpọlọ rán tètè parẹ́, fún wákàtí mélòó kan. Ó dà bíi jẹnẹrétọ̀. Iná á tàn lálẹ́ òní, ṣùgbọ́n wáyà tó jóná lórí òpó NEPA níta ṣì wà bó ṣe wà. Ibẹ̀ ni àwọn ìtọ́jú tuntun yìí ti wọlé. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀ fún ẹnikẹ́ni, wáyà gan-an làwọn fẹ́ tún ṣe: kí òpó ẹ̀jẹ̀ tuntun hù, kí iṣan tó kú sọjí. Ẹ gbà pé ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ó dùn létí èmi náà.

Èyí tí mo rí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ díẹ̀ nínú wọn ni èyí tí wọ́n ń pè ní shockwave. Ìgbì ni, ọmọ ìyá ìgbì tí àwọn dókítà ní Munich, ní Jámánì, kọ́kọ́ fi fọ́ òkúta inú kíndìnrín ènìyàn ní 1980. Nígbà tó yá, àwọn olùwádìí ní Japan dín agbára rẹ̀ kù, wọ́n fi sí ọkàn ẹlẹ́dẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé dáadáa, wọ́n sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í débẹ̀. Èyí ni Yoram Vardi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Haifa, ní Ísírẹ́lì, wò tí wọ́n fi ní, tí ó bá lè ṣe é nínú ọkàn, kí ló dé tí kò ní ṣe é nísàlẹ̀? Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ fún ogún ọkùnrin, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010. Ní 2012, wọ́n tún gbé ti ọkùnrin 67 jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n lo ẹ̀rọ tó ń dún lásán, tí kì í mú ìgbì kankan jáde, fún àwọn kan nínú wọn láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Àwọn tó gba ìgbì gidi ló sàn jù. Láti ìgbà náà, ìwádìí kan á ní ó ṣiṣẹ́, òmíràn á ní òun kò rí nǹkan kan. Ẹgbẹ́ àwọn urologist ilẹ̀ Yúróòpù ní wọ́n lè lò ó fún ẹni tí tirẹ̀ kò tíì le púpọ̀, tó sì jẹ́ pé òpó ẹ̀jẹ̀ ló fa á, ṣùgbọ́n wọn kò fi gbogbo ẹnu sọ ọ́. Ti Amẹ́ríkà ní 2018 ní ìwádìí ló ṣì jẹ́.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n kọ shockwave sí lára ló jẹ́ ọ̀kan náà. Èyí tí wọ́n fi ṣe àwọn ìwádìí yẹn máa ń kó agbára ìgbì náà jọ sójú kan nínú ara. Òmíràn wà tí wọ́n ń pè ní radial, irú tí wọ́n fi ń tọ́jú gìgísẹ̀ àti èjìká tó ń dunni. Orí awọ ni agbára tirẹ̀ ti ń fọ́n ká, kò sì wọ́n tó ti àkọ́kọ́. Òun náà wà lọ́wọ́ àwọn tó ń polówó ìtọ́jú ọkùnrin. Ẹ lè sanwó Benz kí ẹ wọ Márúwá.

Ó yá, abẹ́rẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi rí nínú fídíò ńkọ́? PRP ni wọ́n ń pè é. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ kan wà tó jẹ́ pé àwọn ló máa ń sáré wá dí ojú ọgbẹ́ tí a bá fara gé. Tí wọ́n bá yí ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀rọ, apá kan rẹ̀ á kún fún nǹkan wẹ́wẹ́ yìí, òun ni wọ́n ń gún padà. Ìrètí wọn ni pé ohun tó ń wo ọgbẹ́ sàn lè wo òpó ẹ̀jẹ̀ náà sàn. Ní 2021, àwọn dókítà ní Gíríìsì tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ọgọ́ta ọkùnrin. Wọ́n gún ìdajì ní PRP, wọ́n gún ìdajì ní omi iyọ̀, kò sì sí ẹni tó mọ èyí tó gbà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nǹkan bí ẹni méje nínú mẹ́wàá tó gba PRP ni nǹkan yàtọ̀ fún. Àwọn olómi iyọ̀ kò tó mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ó ga! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fún bọ̀ọ̀dá pé kí wọ́n lọ sanwó.

Àfi ìgbà tí mo ka ti Miami. Yunifásítì Miami ṣe irú ìwádìí kan náà pẹ̀lú ọkùnrin 61, ó jáde ní 2023. Abẹ́rẹ́ méjì, oṣù kan láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n ka èsì rẹ̀, àwọn tó gba PRP tí ara wọn yá ju ìdajì lọ. Àwọn tó gba omi iyọ̀ tí ara wọn yá, àwọn náà ju ìdajì lọ. Kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín wọn.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbi omi iyọ̀ yẹn díẹ̀. Omi iyọ̀ kì í tún òpó ẹ̀jẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti ń bẹ̀rù láti oṣù mẹ́fà, tó ń dọ́gbọ́n pé iṣẹ́ rẹ òun kó má baà wọ yàrá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, bó bá débi tí ẹnì kan gbọ́ tirẹ̀ láìfi í ṣẹ̀sín, tí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, tí wọ́n ní yóò dára, ẹ̀rù ti lọ. Ẹ̀rù sì wà lára ohun tó ń pa nǹkan yìí. Nítorí náà, gbogbo àwọn tó ń jẹ́rìí lábẹ́ fídíò yẹn, "ó ṣiṣẹ́ fún mi o, ọ̀gá", lè máa sọ òtítọ́ ọkàn wọn, kí abẹ́rẹ́ náà sì má ṣe nǹkan kan. Tẹ́lẹ̀, èrò mi ni pé tí wọn kò bá purọ́, á jẹ́ pé òótọ́ ni.

Ti stem cell, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó lè di oríṣiríṣi nǹkan nínú ara ni. Ní Korea, wọ́n fi èyí tí wọ́n mú láti inú ẹ̀jẹ̀ okùn ìwọ́ ọmọ tuntun tọ́jú ọkùnrin méje tó ní àtọ̀gbẹ. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010. Ní Odense, ní Denmark, wọ́n mú tiwọn láti inú ọ̀rá ara aláìsàn fúnra rẹ̀ fún ọkùnrin 17 tí wọ́n ti yọ próstéètì wọn nítorí jẹjẹrẹ, mẹ́jọ nínú wọn sì padà lè ní ìbálòpọ̀. Inú mi dùn fún àwọn mẹ́jọ yẹn. Ṣùgbọ́n kò sí olómi iyọ̀ tí wọ́n fi wọ́n wé, ẹ sì ti rí ohun tí omi iyọ̀ lè ṣe. Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kò tíì fọwọ́ sí ìkankan fún ìṣòro yìí. Ẹni tó bá ń tà á fún yín lónìí, àyẹ̀wò ló ń fi yín ṣe, ó sì tún ń gbowó lọ́wọ́ yín.

Mo pe nọ́ńbà tó wà lábẹ́ fídíò bọ̀ọ̀dá. Mo ṣe bí ẹni pé èmi ni aláìsàn. Mo ní, "Ṣé ẹ ó kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà mi wò?" Arábìnrin tó gbé e ní kò pọn dandan, kí n ṣáà san ìdajì owó sílẹ̀ kí wọ́n lè fún mi ní ọjọ́. Ibẹ̀ ni inú ti bí mi.

Òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí nǹkan ọmọkùnrin kéré, ó tó mìlímítà kan sí méjì. Èyí tó ń bọ́ ọkàn tó mẹ́ta sí mẹ́rin. Tí nǹkan bá ń dí wọn, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ fi hàn. Àwọn dókítà ní ìṣòro ìsàlẹ̀ yìí lè ṣáájú àìsàn ọkàn ní nǹkan bí ọdún méjì sí márùn-ún. Àtọ̀gbẹ náà ń ba òpó àti iṣan jẹ́ pọ̀. Àwọn màmá wa tó ń ní ká má lá ṣúgà jù, pé jẹ̀díjẹ̀dí á bá nǹkan ọmọkùnrin jẹ́, wọn kò kúkú jìnnà sí i púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tí ṣúgà ń gbà ṣe é kọ́ ni wọ́n ń sọ. (Ẹ ṣọ́ra fún àwọn oògùn ewé inú páálí o. FDA ti rí èròjà Viagra tí wọ́n fi pamọ́ sínú ọ̀pọ̀ wọn, tí ẹni tó ń lo oògùn ọkàn tó ń jẹ́ nitrate bá sì gbé e mì láìmọ̀, ìfúnpá rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi ikú.)

Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí bọ̀ọ̀dá, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án gbáko. Mo ní kí wọ́n sọ fún ọ̀rẹ́ wọn kó má tíì sanwó, kó kọ́kọ́ lọ rí urologist ní ọsibítù ìjọba. Wọn kò dáhùn fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n fi fọ́tò ìwé àyẹ̀wò kan ránṣẹ́. Ṣúgà wọn ti ga kọjá ààlà, ó sì jọ pé ó ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀. Wọn kò mọ̀. Ẹnì kankan nínú ilé kò mọ̀. Tí wọ́n bá ti gba abẹ́rẹ́ yẹn, tí ọkàn wọn sì balẹ̀ fún oṣù mélòó kan bíi ti àwọn olómi iyọ̀, ṣúgà náà á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Dókítà ti fún wọn ní oògùn ṣúgà, ó fún wọn ní tábúlẹ́ẹ̀tì tiwọn náà, ó sì ní tó bá yá àwọn lè jọ sọ̀rọ̀ nípa shockwave. Wọ́n ń rìn ní àárọ̀. Ìyàwó wọn ni mo ń tọ́ka sí nígbà tí mo ní kí ẹ̀yin obìnrin dúró. Nígbà tí bọ̀ọ̀dá padà sọ fún wọn, ẹkún ni wọ́n bú sí. Fún ọdún kan ni wọ́n ti gbà pé ọkọ àwọn ti ní obìnrin mìíràn níta, tí wọ́n ń yẹ fóònù rẹ̀ wò lóru.

Mo tọrọ àyè kí n tó gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde. Bọ̀ọ̀dá kọ ìdáhùn ránṣẹ́ ní àárọ̀ òní: "Ọ̀rẹ́ mi ní kò burú. Ó ní kí n kí ẹ."